Igi Mẹ́rìnléláàádọ́fà tí Jhabe Ram Gbìn

Igi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Jhabe Ram, gbìn sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lókè abúlé Nohri jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́fà. Mo kà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì tún kà wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Iye wọn pé. Gíga wọn pé. Kì í ṣe irú igi tí wọ́n ní kó gbìn ni wọ́n.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, apá rẹ̀ òsì kò nà tán láti ìgbà tó ti yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ó sì ní àgùntàn mẹ́sàn-án àti igi ápù díẹ̀. Kì í jiyàn. Bí wọ́n bá bú u lójú ọ̀nà, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó ń bú u lè ráyè kọjá. Mo gbọ́n tán kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan nìyẹn. Ó ń dúró de nǹkan kan ni, kò sì fẹ́ kí ìjà kankan bà á jẹ́.

Ohun tó ń dúró dè kò ṣòro láti sọ. Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, yìnyín wó òrùlé ilé wa. Bàbá rẹ̀, Sangat Ram, wọ inú igbó òrìṣà pẹ̀lú àáké, ó gé igi tosh kan lulẹ̀ kó lè fi tún àjà ṣe. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé tí kò lórí, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì àti Khimi, ìyàwó tí Jhabe ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí abúlé pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó béèrè bí otútù ṣe pọ̀ tó. Wọ́n béèrè bóyá irin wọ igbó òrìṣà. Sangat Ram ní bẹ́ẹ̀ ni. Òrìṣà gun ẹlẹ́gùn rẹ̀, ó sì dájọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè ní ilé wa mọ́, ọkùnrin ilé wa kò sì gbọdọ̀ fi èjìká kan ọ̀pá àga tí wọ́n fi ń gbé òrìṣà lọ́jọ́ ọdún. Yóò rí bẹ́ẹ̀ títí ọgọ́rùn-ún ọmọ tosh inú igbó náà gan-an yóò fi dúró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì ga ju orí àga òrìṣà lọ nígbà tó bá wà léjìká àwọn tó ń gbé e.

Sangat Ram kú lọ́dún kẹta. Bàbá mi, tó jẹ́ àbúrò, sá lọ sí ìlú láti máa wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì fi mí ránṣẹ́ sílé nígbà tí ìyá mi kú. Jhabe ló dúró ti ìdájọ́ náà.

Òfin igbó òrìṣà kò lọ́jú pọ̀. Èso tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀, tẹni tó ṣà á ni. Èyí tó bá wà lórí igi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ka tútù tí atẹ́gùn bá ṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò wà títí ewé rẹ̀ yóò fi rẹ̀ dànù. Ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń ṣa èso, tó ń gbìn ín, tí yìnyín àti ewúrẹ́ ń pa á. Lọ́dún kẹjọ, wọ́n dúró. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n wọn nìyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá wò wọ́n nígbà kan, ó ya fọ́tò, ó kọ "tosh" sára pátákó kan, ó kàn án mọ́ igi àkọ́kọ́, ó mu tíì, ó sì lọ. Tíì náà, ilé Lagan Chand ló ti mu ún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa ilé wa.

Lagan Chand ni alámòójútó ilé òrìṣà. Nínú oṣù Bhadon tó kọjá, nígbà tí ọdún òrìṣà ku ọjọ́ mẹ́rin, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, kò wọlé, ó sì nawọ́ sí mi.

"Ìwọ lo kàwé igi ní yunifásítì. Lọ kà wọ́n fún wa. Tí wọ́n bá ti pé, kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Ó ti sú gbogbo wa."

"Ó ti sú yín kẹ̀?" ni Khimi wí láti inú ilé. Màmá ni mo ń pè é, òun ló tọ́ mi. "Ẹ kú ìyà o. Ẹ̀yin lẹ ti ń dá oúnjẹ jẹ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn."

Lagan Chand rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èso wọ́nọ́ọ̀tì tí yóò fi sínú siddu, búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ooru omi sè, lọ́jọ́ ọdún. Ó fọ́ tó èyí tí ogún ilé lè jẹ.

Mo gòkè lọ kà wọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ di igi àkọ́kọ́ mú kí n lè gun ẹ̀gbẹ́ òkè, ewé rẹ̀ gún mi lọ́wọ́.

Tosh kì í gún ni. Ewé rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ni, ẹnu rẹ̀ kò mú, ìlà funfun méjì sì wà ní abẹ́ rẹ̀. Bí o bá já a, ojú ibi tó ti kúrò á dán, á sì rí roboto. Ewé igi rai, tí ó jọ ọ́ lókèèrè, ní igun mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ mú, bí o bá sì fi ìka méjì yí i, á yí. Mo já ewé kan, mo fi ìka yí i. Ó yí. Mo lọ sí igi kejì, ìkẹta, títí dé ìkẹrìnléláàádọ́fà. Rai ni gbogbo wọn.

Abẹ́ igi wọ̀nyí ni mo ti ṣeré láti kékeré. Ewé wọn gún mi nígbà náà pẹ̀lú. N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ní Shimla, mo mọ orúkọ tosh ilẹ̀ China àti ti orí òkè Mòrókò, n kò sì bojú wẹ̀yìn wo ti ilé wa.

Mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tó ti ń rẹ́ irun àgùntàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín. Ẹ fi ìka yí ewé yìí."

Ó yí i. "Ó ń yí."

"Tosh kì í yí. Rai nìyẹn."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún ewé náà yí, ó wò mí, ó tún un yí. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ti ń dà ọ́ lójú rú. Abẹ́ tosh ni mo ti ṣa èso wọn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣà á."

"Odidi èso ni?"

"Ṣé ààbọ̀ ló yẹ kí n gbìn ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Èso tosh kì í já bọ́ lódidi. Orí ẹ̀ka tó ga jù ló máa ń dúró sí lóòró, bí ẹyin tí wọ́n gbé nàró, ibẹ̀ náà ló sì máa ń tú ká sí. Ìpẹ́ ara rẹ̀ á máa já bọ́ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú hóró abìyẹ́, á wá ku ọ̀pá àárín nìkan lórí igi. Èso rai ló máa ń kọ orí sísàlẹ̀, òun ló máa ń já bọ́ lódidi. Rai mẹ́ta wà lókè igbó òrìṣà, lẹ́yìn odi òkúta. Èso wọn ló ń yí wá sábẹ́ tosh.

"Ìpẹ́," ó ní. "Ìpẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bo ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún òrìṣà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ni lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Hóró tosh wà nínú rẹ̀."

"Mo máa ń gbá a dànù ni. Ọwọ̀ ni mo ń lò. Mo máa ń gbá a dànù kí n lè rí èso."

Ó gbé irun àgùntàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gbé e, kò mọ ibi tí yóò fi sí. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò wí fún mi?"

Mo mọ ìdáhùn ìyẹn, mo sì sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní Nohri. Gbogbo tosh tó wà níta igbó òrìṣà ni wọ́n ti gé là, tí wọ́n fi kan àpótí ápù, kí wọ́n tó bí mi. Èyí tó kù wà nínú igbó, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án. Gbogbo àgbà abúlé mọ tosh lókèèrè: ìdúró rẹ̀, àwọ̀ èèpo rẹ̀, òórùn rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ti di ewé rẹ̀ tútù mú rí. Wọ́n pàṣẹ fún ènìyàn kan pé kó gbin igi tí òfin wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, láti inú èso tí òfin wọn kò jẹ́ kó ká.

"Ibi tí ẹ gbìn wọ́n sí náà kò dára fún tosh," ni mo tún wí, nítorí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe lè dúró. "Oòrùn pọ̀ níbẹ̀. Ibòji àti ọ̀rinrin ni tosh ń fẹ́ nígbà tó bá kéré. Ẹ̀yìn òkè tí yìnyín kì í tètè yọ́ ló ti ń wù ú láti dàgbà, lábẹ́ igi mìíràn. Àfi nísinsìnyí tí rai yín ti ṣe ibòji níbẹ̀."

Màmá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?" ó bi mí.

"Èmi nìkan."

"Ó dáa. Mọ̀ ọ́n sínú. Kọ ọgọ́rùn-ún, kí o sì dákẹ́."

"Màmá, irọ́ ni."

"Mo ti se oúnjẹ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí aládùúgbò mi Paldasi ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lórí odi, tí ó ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí mo bí òkú ọmọ, wọ́n gbé ọbẹ̀ wá fún mi, wọn ò gba omi lọ́wọ́ mi. Ìyẹn náà, ṣé òótọ́ ni? Lọ sí Shimla, kí o máa mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

Mo wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó lè sọ nǹkan. Ó ń fi ìka yí ewé náà.

Fún ọjọ́ méjì gbáko, orí òkè ló wà. Mo ń rí i láti ilé. Ó ń lọ láti igi dé igi, ó ń já ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i, ó ń jù ú nù. Nígbà tó bá dé òkè, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń wá ẹyọ kan tí kò ní í yí ni, tàbí ìka tirẹ̀ ni kò gbàgbọ́. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ní, "Ṣé ìka mi kọ́ ló le jù?" Mo ní rárá. Ó ní, "Gba tìrẹ wò." Mo gbà á wò níwájú rẹ̀. Ó yí.

Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n gbé àga òrìṣà gòkè pẹ̀lú fèrè àti kàkàkí, wọ́n sì gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó kúrú jù. Orí igi náà fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju àga lọ. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Lagan Chand yíjú sí mi.

"Mélòó ni?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́fà. Rai ni wọ́n."

"O ní kí ni?"

Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni Budhi Singh, tó dàgbà jù níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jẹ́ tosh. Àṣé ọmọ yìí ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n lè di rai."

"Ewé wọn ń yí, Bàbá. Ẹ yí i wò."

Budhi Singh yí i wò. "Ó ń yí lóòótọ́. Ti tosh ńkọ́? Mú u wá ká fi wé e."

"Ibo ni kí n ti mú un?"

Gbogbo wọn wo igbó òrìṣà, tó dúró dúdú lẹ́yìn odi òkúta. Wọ́n tún wo ara wọn. Láti fi hàn pé mo parọ́ tàbí pé mo sọ òótọ́, ẹnìkan ní láti ṣẹ́ ẹ̀ka níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni náà. Mo fa ìwé mi yọ, mo fi ewé tosh gbígbẹ kan hàn wọ́n, èyí tí mo mú bọ̀ láti àfonífojì kejì nígbà tí mo wà nílé ìwé.

"Ti ibòmíràn nìyẹn," ni Lagan Chand wí. "Ṣé bákan náà ni tiwa?"

N kò fẹ́ parọ́. "Oríṣi méjì ló wà lórí òkè wa. Ti ìsàlẹ̀, tó máa ń bá igi kharsu gbé, ewé rẹ̀ gùn. Ti òkè, níbi tí igi ti ń tán, ewé rẹ̀ kúrú, ó sì nípọn. Ṣùgbọ́n méjèèjì ni ewé wọn pẹlẹbẹ."

"Ẹ gbọ́ o. Ó ní oríṣi méjì ni. Ta ló wá ní kò lè jẹ́ mẹ́ta? Ẹ̀kẹta ló ń yí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Paldasi ń wo ìka tirẹ̀, ewé kan wà láàárín wọn. Ẹnìkan ní kí wọ́n bi òrìṣà. Dothu ni ẹlẹ́gùn. Ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, irun rẹ̀ ti tú. Nígbà tí ohùn náà jáde, kò pariwo.

"Ọmọ mi ni mo ní kí wọ́n dá padà. Ibòji ti wà lára mi. Ta ló ń ka ewé mi?"

Ó ṣubú, wọ́n fi aṣọ bò ó. Lagan Chand ní òrìṣà ti gbà á, nítorí pé ó ní ibòji ti wà. Budhi Singh ní rárá, ó ṣì ń béèrè ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan ní èmi tó ń ka ewé ni òrìṣà ń bínú sí. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi kúrò lójú òkè. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n, tí àga sì wúwo lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e, Lagan Chand ké sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

"Jhabe, ó ti tán. Wá gbé ọ̀pá."

Wọ́n yà fún un. Ó rìn dé ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá fàdákà náà, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Mi ò tíì gbìn ín," ó ní.

"Kí lo ò tíì gbìn? A ní ó ti tán."

"Tosh. Mi ò tíì gbin ẹyọ kan."

"A ti dárí jì ọ́, kí lo tún ń wá?"

Ó ronú sí i, mo sì rí i pé kò mọ̀. "Bóyá ẹ ti dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n ní kí bàbá mi dá padà, wọn ò ní kó tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ aṣọ ìbora sábẹ́ tosh nígbà tí ìpẹ́ rẹ̀ bá ń já bọ́. Ohun tó já bọ́, tẹni ni. Màá gbin hóró rẹ̀ sábẹ́ rai mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni ọgọ́ta ọdún ni yín," ni ọ̀dọ́ náà wí.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Tosh tó bá rí ibòji máa ń lò tó ọgbọ̀n ọdún kó tó ga ju ènìyàn lọ. Mo ti sọ ọ́ fún un. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Lagan Chand ní kó tẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò gbọ́. Wọ́n gbé àga lọ láìsí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lábẹ́ ọ̀pá.

Nígbà tí a délé, Màmá ti gbé àwo siddu jáde sí àgbàlá. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ìròyìn ni, pé òrìṣà ti gbà. Ó wọ aṣọ onírun tó fi ṣe ìyàwó. Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án dúró lẹ́bàá odi.

"Ẹ wọlé," ó ní.

Kò sẹ́ni tó mira. Ọ̀kan nínú wọn ní ọkùnrin ilé kò gbé ọ̀pá, nítorí náà ìdájọ́ ṣì wà. Òmíràn ní ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá, ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ní gbólóhùn kan ṣoṣo ni òrìṣà fi sọ méjèèjì nígbà náà, òun wà níbẹ̀. Màmá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"O ò gbé e?"

"Mi ò gbé e."

"Kí ló dé?"

"Khimi, rai ni wọ́n."

Ó wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà ó wò mí, kò sì tún bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ooru orí siddu ń tán lọ. Ó dúró ṣinṣin, kò gbé àwo náà sílẹ̀, kò sì gbé e wọlé.

Paldasi fo odi náà wá. Ó mú siddu kan, ó là á sí méjì, ó rí i pé bọ́tà yíyọ́ kò sí lórí rẹ̀.

"Kò ní bọ́tà," ó ní.

"Ó wà nínú ilé."

"Lọ gbé e wá nígbà náà."

Màmá kò lọ. Ó ń wo ẹnu rẹ̀. Paldasi jẹ ìdajì, ó jẹ ìdajì kejì, ó gbé e mì. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń wo òkè, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yòókù ń wò ó. Nígbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ó tún na ọwọ́ sí àwo.